Ọlọ́nàdé àti Ilé Òpó

Ọlọ́nàdé ni orúkọ gbẹ́nàgbẹ́nà tí ọba fi Ilé Òpó lé lọ́wọ́. Ọmọ bíbí Ìmọ̀rò ni, láti inú ìdílé tí wọ́n ti ń gbẹ́ igi kí ẹnikẹ́ni tó wà láyé tó dáyé. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ènìyàn bá kí i nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ó lè má dáhùn títí onítọ̀hún yóò fi kọjá lọ, kì í sì í ṣe pé ó ń gbéra ga. Ọkàn rẹ̀ ló ti wọ inú igi lọ. Àwẹ̀ró, aya rẹ̀, ló máa ń bá a tu àlejò lójú. Àwẹ̀ró a ní, “Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kó jáde kúrò nínú igi ná.” Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀nàwùmí. Ìwà bàbá rẹ̀ ló gbé wọ̀. Kí eyín rẹ̀ tó pé lẹ́nu ló ti ń fi ọ̀bẹ fín ara igi ìdáná ìyá rẹ̀.

Ní ìgbà náà, ilẹ̀ Ìmọ̀rò ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ogun ni. Kì í ṣe ogun ọ̀tá láti òkèèrè. Àwọn ìlú tó jẹ́ ọmọ ìyá ló dojú ìjà kọ ara wọn nítorí ààlà ilẹ̀ àti nítorí ẹni tó dàgbà jù. Wọ́n jà títí ìjà fi sú wọn. Ọba Adéníran, tó jẹ́ Onímọ̀rò nígbà náà, wá pe gbogbo baálẹ̀ jọ, ó ní kí wọ́n kọ́ ilé kan tí yóò jẹ́ ti gbogbo wọn. Ìlú kọ̀ọ̀kan yóò gé ìtì igi kan wá láti inú igbó rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà yóò gbẹ́ ìtàn ìlú náà sí i lára: ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó, ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ dé, májẹ̀mú tó bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ dá. Àwọn òpó wọ̀nyí ni yóò jọ gbé òrùlé kan ṣoṣo ró.

Ọba ní, “Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tí òun í ṣe, kó lọ síbẹ̀ lọ wò. Ẹni tó bá sì fẹ́ jẹ ilẹ̀ onílẹ̀, òpó ni yóò jẹ́rìí lé e lórí.”

Ọ̀rọ̀ náà tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wa ìpìlẹ̀ ni ìjà ti dé. Àwọn ará Òkè-Ègún ní ìlú àwọn ló yẹ kí ilé náà wà, nítorí àwọn làgbà. Àwọn ará Ìdómì ní bí ó bá jẹ́ Òkè-Ègún ni, àwọn kò ní mú igi wá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́ tún di ogun, ọba ní kí wọ́n kọ́ ọ sórí Òkè Arẹ̀, òkè kan tó wà láàárín gbogbo ìlú, tí ẹnikẹ́ni kì í gbé. Báyìí ni ilé tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn ṣe bọ́ sí ibi tí kò sí ojú ẹnikẹ́ni. Ọlọ́nàdé kó aya àti ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Wọ́n tún jà lórí òpó tí yóò wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọlọ́nàdé kò bá wọn jiyàn. Ó kàn mọ ilé náà ní róbótó ni, ó sì ṣí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ káàkiri, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣíwájú ẹnì kejì. Ògiri ti dé àyà ènìyàn nígbà tí Ọba Adéníran wàjà.

Adéwùsì tó jọba lẹ́yìn rẹ̀ kò fẹ́ràn ilé náà. Ó ní ilé ẹni tó ti kú ni. Ó rán àwọn ènìyàn lọ kó gbogbo igi òrùlé tí wọ́n ti là sílẹ̀, ó fi wọ́n kọ́ ilé ẹṣin sí ààfin. Òjò wá ń rọ̀ sórí ògiri tí kò ní ìbòrí. Amọ̀ yọ́, ó ń ṣàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ògiri tó dé àyà fi padà di ebè. Àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ilé wọn. Àwọn òpó nìkan ló kù, wọ́n nà sílẹ̀ nínú koríko bí òkú ogun tí ẹnikẹ́ni kò wá gbé.

Àwẹ̀ró bẹ ọkọ rẹ̀ títí. Ó ní, “Bàbá Ọ̀nàwùmí, ẹ jẹ́ kí a máa lọ sílé. Ọba tó rán yín ní iṣẹ́ ti kú. Èyí tó wà lórí oyè kò rán yín.”

Ọlọ́nàdé dáhùn pé, “Bí a bá lọ, ikán ni yóò jogún rẹ̀.”

Òun àti Ọ̀nàwùmí ló ń yí àwọn òpó náà padà nígbà òjò, tí wọ́n ń da ewé bò wọ́n, tí wọ́n ń kó èéfín sí wọn nídìí kí ikán má baà débẹ̀. Ọ̀nàwùmí dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ó mọ ìtàn òpó kọ̀ọ̀kan ju àwọn ará ìlú tó ni ín lọ. Nígbà tó di géńdé, bàbá rẹ̀ a máa fi ọ̀bẹ sílẹ̀ fún un kó parí ojú àti ọwọ́ àwọn ère náà, nítorí ọwọ́ ọmọ náà fẹ́lẹ́ ju tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àwọn ìlú tún bẹ̀rẹ̀ sí í fojú burúkú wo ara wọn, ẹ̀rù sì ba Ọba Adéwùsì. Àwọn ìjòyè rẹ̀ ní ilé tó kọ̀ sílẹ̀ yẹn ló ń dà wọ́n láàmú. Ọba wá yí ọ̀rọ̀ padà. Ó kó òṣìṣẹ́ jọ, ó ní kí wọ́n parí ilé náà kí ọdún tó yí po. Wọ́n tún ògiri mọ, wọ́n gbé àwọn òpó nàró. Ó wá ku ìtì igi ńlá tí yóò dábùú òkè ilé.

Òjò wẹliwẹli kan rọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e. Àwọn kan ní kí wọ́n dúró kí igi gbẹ. Ọlọ́nàdé wo ojú ọ̀run, ó wo ìtì igi náà. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń retí òrùlé yìí. Ó ní, “Ẹ gbé e.” Ọ̀nàwùmí wà lókè, ó ń fa okùn. Igi náà yọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀, ó fì sápá kan, ó sì gbá a wálẹ̀ láti orí ògiri. Nígbà tí wọ́n fi gbé igi kúrò lára rẹ̀, kò sí èémí mọ́.

Wọ́n gbé e wá sí ẹnu àtíbàbà. Àwẹ̀ró kò ké. Ó jókòó ti òkú náà, ó ń fi etí aṣọ nu amọ̀ kúrò lójú rẹ̀. Ó wá béèrè pé, “Ta ló ní kí wọ́n gbé e?”

Ọlọ́nàdé ní, “Èmi ni.”

Oyún wà nínú Àwẹ̀ró ní àkókò náà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó ti rò pé òun ti ṣíwọ́ ọmọ bíbí. Ọkùnrin ló bí. Wọ́n sọ ọ́ ní Rẹ̀mílẹ́kún. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ náà, nígbà tí àwọn àlejò ti lọ tán, Àwẹ̀ró gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀, ó pe ọkọ rẹ̀ jókòó.

Ó ní, “Ilé yẹn ti gba ọ̀kan. Kò ní gba èyí. Ẹ kò ní kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọnà. Ẹ kò ní sọ ìtàn igi kankan fún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní tẹ ibẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé. Bí ẹ bá fẹ́ kí n máa bá yín gbé, ẹ búra fún mi.”

Ọlọ́nàdé wo ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ aya rẹ̀. Ó mú àáké rẹ̀, ó fi ahọ́n kan irin rẹ̀, ó sì búra.

*

Ilé Òpó parí nígbẹ̀yìn. Ẹni tó bá rí i nígbà náà kì í gbàgbé. Àwọn òpó dúró yí ká bí ìgbìmọ̀ àgbà, olúkúlùkù pẹ̀lú ojú tirẹ̀: ti Ìdómì jẹ́ obìnrin tó gbé ìkòkò iná lérí, ti Òkè-Ègún jẹ́ ọdẹ tó gbé àgbọ̀nrín kọ́rùn. Ní àárín gbùngbùn, Ọlọ́nàdé gbẹ́ òpó kan tí kì í ṣe ti ìlú kankan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà lára rẹ̀, tó fi èjìká gbé ìtì igi. Kò sọ ẹni tó jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Lánípẹ̀kun, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó bá a di igi náà mú, nìkan ló mọ̀ pé ojú Ọ̀nàwùmí ni ọ̀gá òun ń gbẹ́, nítorí ó rí i bó ṣe ń sunkún tó sì ń gbẹ́ igi lọ.

Lọ́dọọdún ni gbogbo ìlú ń pàdé níbẹ̀. Àgbà ìlú kọ̀ọ̀kan á dúró nídìí òpó wọn, á máa ka ohun tó wà lára rẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn. Àríyànjiyàn ilẹ̀ tó bá wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí rẹ̀. Ọba sì pàṣẹ pé Ọlọ́nàdé àti ìran rẹ̀ ni yóò máa ṣọ́ ilé náà títí láé. Ẹnikẹ́ni kò rántí béèrè bóyá ìran náà mọ ohun tó ń ṣọ́.

Nítorí Rẹ̀mílẹ́kún kò wọ ibẹ̀. Oko ni wọ́n kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n ro. Onínúure ènìyàn ni, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Bí ìpàdé ọdún bá dé, òun àti ìyá rẹ̀ ló ń se oúnjẹ lẹ́yìn àtíbàbà. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn àgbà láti inú ilé náà, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà kan, àwọn ọ̀dọ́ Ìdómì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ onílé ni kò mọ inú ilé. Ó lọ bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń pọ́n ọ̀bẹ.

Ó ní, “Bàbá, kí ló wà níbẹ̀ tí gbogbo ayé ń wá wò, tí èmi kò gbọdọ̀ wò?”

Ọlọ́nàdé ń pọ́n ọ̀bẹ lọ. Ó ní, “Kò kàn ọ́. Iṣu rẹ ti ta?”

“Ó ti ta.”

“Lọ tọ́jú rẹ̀.”

Rẹ̀mílẹ́kún yí padà, ó lọ. Láti ọjọ́ náà kò tún béèrè mọ́. Ó gbà lọ́kàn pé bàbá òun kò ka òun sí ẹni tó yẹ, pé gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ló fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó rí i bí bàbá rẹ̀ ṣe ń di ọwọ́ Lánípẹ̀kun mú lórí ọ̀bẹ, tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Bàbá rẹ̀ kò di ọwọ́ tirẹ̀ mú bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí Ọlọ́nàdé darúgbó, tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó pe Àwẹ̀ró. Ó ní, “Ìyá Rẹ̀mí, tú mi sílẹ̀. Jẹ́ kí n mú ọmọ yìí wọ ilé náà lẹ́ẹ̀kan péré. Òun ni yóò ṣọ́ ọ lẹ́yìn mi. Kí ni yóò máa ṣọ́?”

Àwẹ̀ró ń fi omi gbígbóná pa á lẹ́sẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, “Nígbà tí mo bá kú, ẹ kọ́ ọ.”

“Èmi ni n ó kọ́kọ́ kú.”

“Ẹ ti búra fún mi.”

Ọlọ́nàdé kò tún bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹni tó fi irin búra ni. Ó kú ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì sin ín sí ẹ̀gbẹ́ Ọ̀nàwùmí.

Lẹ́yìn ìsìnkú náà, Lánípẹ̀kun, tó ti di ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà fúnra rẹ̀, pe Rẹ̀mílẹ́kún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Àbúrò mi, kọ́kọ́rọ́ ilé ti di tìrẹ. Jẹ́ kí n mú ọ yí inú rẹ̀ ká, kí n sọ fún ọ ohun tí òpó kọ̀ọ̀kan ń wí.”

Rẹ̀mílẹ́kún ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí bàbá mi kò rí mi bí ẹni tó yẹ kó fún, n kò ní gbà á lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Lánípẹ̀kun. Ó rò pé bó pẹ́ bó yá, inú ọmọ náà yóò rọ̀. Ó padà sí ilé rẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún wá ń wọ Ilé Òpó fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Àwẹ̀ró kò lè dá a dúró, nítorí àṣẹ ọba ni. Ó ń gbá ilẹ̀ ibẹ̀, ó ń fa òwú aláǹtakùn kúrò lójú àwọn ère, ó sì ń ti ilẹ̀kùn padà. Àwọn ère náà ń wò ó, òun náà ń wò wọ́n. Kò sí ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ.

*

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dá dé. Òjò kọ̀, kò rọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó rọ̀ díẹ̀, oòrùn sì jó gbogbo ohun tó hù. Ìyàn mú ní ilẹ̀ Ìmọ̀rò tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń wa gbòǹgbò jẹ. Ọ̀pọ̀ ìlú tú lọ sí etí odò níbi tí ewé ṣì wà. Ọba pàápàá kó àwọn ará ààfin rẹ̀ lọ. Kò sí ìpàdé ọdún mọ́. Lórí Òkè Arẹ̀, Rẹ̀mílẹ́kún nìkan ló kù, pẹ̀lú aya rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ kéékèèké, àti Àwẹ̀ró tí ojú rẹ̀ ti fọ́ nítorí ogbó, tí kò sì ṣeé gbé rìn lọ sí ibi tó jìnnà.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ kú nínú ìyàn náà. Ó sin ọmọ náà láàárọ̀, ó sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà Ilé Òpó. Ibẹ̀ ni oníṣòwò kan bá a, tòun ti àwọn ẹrú àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru ọkà bàbà. Láti òkè odò ni ó ti wá, ó ń gba ilẹ̀ tí ìyàn mú kọjá, ó ń fi oúnjẹ gba ohun tí àwọn ènìyàn ní. Ó béèrè omi, Rẹ̀mílẹ́kún fún un nínú ìwọ̀nba tó kù. Ọkùnrin náà mu ún, ó rìn yí inú ilé náà ká, ó sì jáde.

Ó ní, “Ta ló ni ilé yìí?”

“Bàbá mi ló kọ́ ọ.”

“N kò béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ta ló ni ín?”

Rẹ̀mílẹ́kún rò ó. Ó ní, “Àwọn tó ni ín ti lọ.”

“Ìwọ wá ńkọ́?”

“Èmi ni mò ń gbá a.”

Oníṣòwò náà fọwọ́ kan obìnrin tó gbé ìkòkò iná lérí. Ó ní, “Kí ni ìtumọ̀ èyí?”

“N kò mọ̀.”

“Àwọn ọlọ́lá ìlú wa fẹ́ràn irú igi báyìí nínú ilé wọn. N ó fi ọkà gbà á lọ́wọ́ rẹ. A ó fi igi mìíràn ti òrùlé yín, kò ní wó.”

Rẹ̀mílẹ́kún wo ẹ̀yìn àtíbàbà, níbi tí àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù dùbúlẹ̀ sí, tí wọn kò lè sunkún mọ́. Bí ẹnìkan bá ti sọ fún un rí pé obìnrin inú igi yẹn ni ìyá ńlá Ìdómì, pé ìlà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni ààlà tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ti bá lọ, bóyá ì bá rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bóyá ì bá sì tà á náà, nítorí ebi kò gbọ́ wàásù. Ṣùgbọ́n kò sí ohun kankan lọ́kàn rẹ̀ tí yóò gbé sórí òṣùwọ̀n lòdì sí ọkà. Ó ní kí wọ́n gbé e.

Lálẹ́ wọ́n jẹ tùwó. Àwẹ̀ró béèrè ibi tí ọkà ti wá. Rẹ̀mílẹ́kún ní, “Àwọn èrò ọ̀nà ló fún wa, Ìyá.” Ìyá náà súre fún àwọn èrò ọ̀nà.

Oníṣòwò náà padà wá, ó tún padà wá. Àwọn òpó ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn òpó, ó gba àwọn ilẹ̀kùn. Nígbẹ̀yìn ó ku òpó àárín nìkan. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbé e, Rẹ̀mílẹ́kún dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ojú ọ̀dọ́mọkùnrin náà jọ ojú kan tó mọ̀, kò sì lè rántí ibi tó ti rí i. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un rí pé òun àti ẹ̀gbọ́n òun tó ti kú jọra bí ìbejì. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n fún un ní ẹ̀wà àti iyọ̀, wọ́n sì di òpó náà lókùn.

Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ lẹ́yìn ìyàn ni àwọn ènìyàn ti ń fi omijé gbàdúrà fún. Òun náà ló kó omi sí òrùlé Ilé Òpó. Àwọn igi tútù tí wọ́n fi tì í tẹ̀, òrùlé wó lulẹ̀, ògiri sì wó tẹ̀ lé e.

*

Àwọn ará Ìmọ̀rò padà dé láti etí odò. Nígbà tí wọ́n gòkè wá fún ìpàdé ọdún, òkìtì amọ̀ àti imọ̀ jíjẹrà ni wọ́n bá. Ọba wà níbẹ̀, àwọn baálẹ̀ wà níbẹ̀, Lánípẹ̀kun náà wà níbẹ̀. Wọ́n rò pé ogun ló jà á. Rẹ̀mílẹ́kún jáde sí wọn, ó sì sọ fún wọn pé òun ló tà á. Kò purọ́, kò sì fi ohunkóhun pamọ́.

Baálẹ̀ Ìdómì ní kí wọ́n tà á sí oko ẹrú, kí òun náà mọ bí wọ́n ṣe ń tani. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n pa á. Lánípẹ̀kun rìn súnmọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

Ó ní, “Òpó àárín ńkọ́?”

“Òun ló kẹ́yìn.”

“Ǹjẹ́ o mọ ẹni tó wà lára rẹ̀?”

“N kò mọ̀.”

“Ọ̀nàwùmí ni. Bàbá rẹ ló gbẹ́ ẹ. Ojú tìrẹ yìí gan-an ni ojú rẹ̀.”

Rẹ̀mílẹ́kún fi ọwọ́ kan ojú ara rẹ̀. Ó ní, “Ta ló yẹ kó sọ fún mi? Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá mi, ó ní kí n lọ tọ́jú iṣu. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n fún mi. Ẹ pè mí ní olùṣọ́ ilé, igi ni mo rí níbẹ̀. Ebi ń pa àwọn ọmọ mi, mo sì ta igi.”

Àwẹ̀ró ti gbọ́ orúkọ Ọ̀nàwùmí láti inú àtíbàbà. Ó ń fi ọwọ́ wá ọ̀nà jáde, aya ọmọ rẹ̀ dì í mú. Ó béèrè ohun tí wọ́n sọ. Lánípẹ̀kun ló sọ fún un, pé ojú Ọ̀nàwùmí wà nínú ilé tí ìyá náà kò wọ̀ rí yẹn ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, pé òpó náà ló di ẹ̀wà tí wọ́n jẹ kẹ́yìn.

Ìyá arúgbó náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó ní, “Kábíyèsí, ẹ má tà á. Ẹ má pa á. Èmi ni mo mú bàbá rẹ̀ búra. Mo rò pé bí kò bá mọ ilé náà, ilé náà kò ní lè pa á. Bàbá rẹ̀ bẹ̀ mí nígbà tó ń kú lọ, mo kọ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé ọkọ mi ló fi kọ́ ilé. A kò fi ọjọ́ kan kọ́ ọmọ tí yóò jogún rẹ̀.”

Baálẹ̀ Ìdómì tó ń bínú wo àwọn ọ̀dọ́ ìlú tirẹ̀ tí wọ́n dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun náà kọ́ wọn, ó sì gbé ojú sílẹ̀. Ọba ní kí wọ́n fi Rẹ̀mílẹ́kún sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé ti lọ. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó tún dé, Ìdómì àti Òkè-Ègún ti ń jà lórí ilẹ̀ oko, nítorí kò sí òpó tí yóò jẹ́rìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú. Àwọn ìlú yòókù gba ọ̀nà tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí Ìmọ̀rò fi di orúkọ lásán. Rẹ̀mílẹ́kún mú ọ̀nà òkè odò pọ̀n, ó ní òun ń wá òpó àárín lọ. Ìyá rẹ̀ kú lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó tún gbúròó Rẹ̀mílẹ́kún mọ́. Koríko bo orí Òkè Arẹ̀.

Láti ìgbà náà wá, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó ń ṣe làálàá lórí ohun ńlá tí kò sì bá ọmọ rẹ̀ jókòó sọ̀rọ̀, wọ́n a máa rán an létí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.